Yíyan ẹ̀pà fún òróró: ibi tí iná ti tó àti ibi tó ti pọ̀jù

Ẹni tó bá ti fún òróró ẹ̀pà nílé rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ibi fífún ni iṣẹ́ náà ti sábà máa ń bàjẹ́. Orí iná ni. Ẹ̀pà kan náà, inú àpò kan náà, bí ẹni méjì bá yan án lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òróró méjì tí kò jọra ni wọn yóò gbé wá. Ọ̀kan á máa ta sánsán, á sì wà lórí pẹpẹ fún oṣù mélòó kan láìyí padà. Èkejì á korò díẹ̀ lẹ́nu, tàbí kí ó ti máa rùn bí ọ̀dà kí oṣù méjì tó pé.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ṣakí ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Màmá Ṣakí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Kúlíkúlí ni wọ́n ń tà; òróró tó bá jáde, èrè orí ọjà ni. Nítorí náà, adùn kúlíkúlí ni wọ́n máa ń fojú sí bí wọ́n bá ń yan ẹ̀pà, wọ́n á sì yan án títí yóò fi pọ́n dáadáa. Ó gbà mí ní ọdún bíi mélòó kan kí n tó mọ̀ pé ẹni tí òróró jẹ lógún gbọ́dọ̀ gbé agbada kúrò lórí iná ṣáájú ẹni tí kúlíkúlí jẹ lógún. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì, àmọ́ inú ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ni òróró ti ń dára tàbí tó ti ń bàjẹ́.

Ohun tí iná ń ṣe nínú hóró

Bí ẹ bá gbé kílò ẹ̀pà kan tí a ti pa kalẹ̀, òróró fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì rẹ̀: gíráàmù 450 sí 500. Àmọ́ òróró yẹn kò kàn dà sínú hóró bẹ́ẹ̀. Inú àpò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ló wà, prótíìnì sì dì í bí ewé ṣe ń di ẹ̀kọ. Bí hóró bá gbóná, omi inú rẹ̀ á di ooru, á máa wá ọ̀nà àbájáde, á sì fọ́ àwọn àpò náà. Prótíìnì fúnra rẹ̀ á le bí funfun inú ẹyin ṣe ń le nínú omi gbígbóná, kò sì ní lè mú òróró mọ́ra mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀pà tí a kò yan, bí a tilẹ̀ lọ̀ ọ́ kúnná tí a sì fi gbogbo agbára fún un, kì í fi ju ìwọ̀nba òróró díẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kejì kò ṣeé fojú rí rárá. Irúgbìn kì í ṣe òkúta. Ohun alààyè ni, ó sì ní àwọn èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù, tí iṣẹ́ wọn ni láti tú òróró palẹ̀ kí irúgbìn lè rí oúnjẹ jẹ nígbà tó bá fẹ́ hù. Ọ̀kan nínú wọn, lípéèsì, máa ń gé òróró sí wẹ́wẹ́, á sì sọ ọ́ di ásíìdì. Òmíràn, lipoxygenase, ń ran afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ láti ba òróró jẹ́. Bí a bá lọ ẹ̀pà tútù, ńṣe la tú àwọn méjèèjì sílẹ̀ sórí òróró. Iná ló ń pa wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni òórùn àti àwọ̀. Ṣúgà díẹ̀ wà nínú ẹ̀pà, prótíìnì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú ooru tó ju ti omi híhó lọ, òórùn ẹ̀pà yíyan àti àwọ̀ bíi wúrà ni wọ́n máa ń bí. Onímọ̀ ará Faransé kan, Louis Camille Maillard, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní 1912, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi pè é títí di òní. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé lára ohun pupa-pupa tí iná dá sílẹ̀ yìí máa ń gba ìjà òróró jà. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ bà á jẹ́, àwọn ni yóò kọ́kọ́ gbá mú. Ìdí nìyẹn tí òróró ẹ̀pà tí a yan dáadáa fi lè pẹ́ ju ti ẹ̀pà tútù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti jìyà iná.

Àmọ́ iná kì í ṣe oore ọ̀fẹ́. Fítámì E inú ẹ̀pà, tí òun náà ń ṣọ́ òróró, máa ń dín kù bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i. Òróró tó bá ti yọ sí ojú hóró á máa bá afẹ́fẹ́ gbígbóná pàdé, ìbàjẹ́ á sì ti bẹ̀rẹ̀ nínú agbada. Bí yíyan bá wá di jíjó, èéfín àti ara hóró tó ti dúdú máa ń mú àwọn èròjà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ wá. Benzo(a)pyrene ni èyí tí àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò máa ń wá jù. Òfin Yúróòpù kò gbà kí ó ju máíkírógíráàmù 2 lọ nínú kílò òróró kan. Asẹ́ kò lè yọ ọ́, ojú kò sì lè rí i.

Ẹ rántí pé ààbò tuntun ń wọlé, ààbò àtijọ́ ń jáde, nínú agbada kan náà, nígbà kan náà. Níbi tí èyí tó ń wọlé ti pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ ni kí ẹ ti dá iná dúró.

1. Ẹ ṣà á kí ẹ tó dáná

Mo mọ̀ pé ibí yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ní 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tán, tí wọ́n kó wá láti Brazil láti fi bọ́ wọn, ni wọ́n bá lẹ́bi. Ẹ̀pà náà ti bu. Májèlé tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ni a wá mọ̀ sí aflatoxin.

Yíyan máa ń dín aflatoxin kù, kì í pa á tán. Bí ẹ bá fún ẹ̀pà tó ti bu, èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé náà á dúró sínú kúlíkúlí, díẹ̀ á sì bá òróró lọ. Ilé iṣẹ́ ńlá ń fi kẹ́míkà fọ òróró tiwọn kó lè kúrò. Àwa tí à ń fún un nílé kò ní irú ìfọ̀ yẹn. Ojú àti ọwọ́ la fi ń fọ tiwa.

Ẹ da ẹ̀pà sórí atẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Èyí tó bá rún, tó dúdú lójú, tó ní àwọ̀ ewé tàbí ti eérú lára, èyí tí kòkòrò ti jẹ, èyí tí awọ rẹ̀ ti bó tí inú rẹ̀ sì ti yí padà: ẹ kó gbogbo rẹ̀ dà nù. Ẹ má kó o fún adìyẹ. Ẹ rántí tòlótòló. Bí ohun tí ẹ ń dà nù bá fẹ́ pọ̀ jù, ẹ dá àpò náà padà fún ẹni tó tà á fún yín. Kò sí ọgbọ́n iná tó lè tún ẹ̀pà burúkú ṣe, òórùn yíyan á kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Bí ẹ ti ń ṣà á, ẹ ya ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré. Asẹ́ tí ihò rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ á ṣe é. Bí ńlá àti kékeré bá jọ wọ agbada kan, kékeré á ti jóná kí ńlá tó jinná.

2. Ẹ rí i pé ó gbẹ

Ẹ fi eyín gé hóró kan. Bí ó bá ṣẹ́ tí ó sì ta “kàá”, ó ti gbẹ. Bí ó bá rọ̀ tí eyín wọ inú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́, omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ sá a sí oòrùn lórí tapólì fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ má sá a sórí ilẹ̀ lásán, ẹ má sì sá a sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí ọkọ̀ ti ń tú èéfín. Ẹ̀pà tó bá tútù máa ń pọ́n lẹ́yìn kí inú rẹ̀ tó gbóná, a ó sì rò pé ó ti jinná.

Ẹ̀pà tí ẹ fẹ́ tọ́jú di ọjọ́ mìíràn, omi inú rẹ̀ kò yẹ kó ju ìdá 7 tàbí 8 nínú 100 lọ. Bí kò bá tíì débẹ̀, inú àpò ni yóò ti bu.

3. Agbada, iyanrìn, iná

Agbada irin tó nípọn ló dára jù, nítorí ó ń pín ooru kárí. Tí ìpata bá wà lára rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò. Irin tó dípata àti bàbà máa ń mú kí òróró tètè bàjẹ́, kódà bó jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ló kàn án.

Àwọn tó ń yan ẹ̀pà jíjẹ máa ń da iyanrìn odò sí i, àwọn mìíràn a tilẹ̀ da gaàrí sí i, kí ooru lè yí hóró ká dọ́gba. Fún ẹ̀pà òróró, èmi kì í lo ìkankan. Gaàrí á jóná, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ á sì bá ẹ̀pà wọ inú ẹ̀rọ ìlọta. Iyanrìn tí a kò bá sẹ́ kúrò tán á jẹ ẹ̀rọ náà, á sì máa dún lẹ́nu ẹni tó bá ra kúlíkúlí. Bí ó bá jẹ́ igi ni ẹ fi ń dáná tí iná náà kò ṣeé mú wálẹ̀, iyanrìn á gbà yín. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ sì sẹ́ ẹ̀pà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà.

Iná eédú tàbí gáàsì ló dára ju igi lọ, nítorí èéfín. Ẹ má jẹ́ kí èéfín máa fẹ́ lu ẹ̀pà.

4. Yíyan gan-an

Ẹ jẹ́ kí agbada gbóná díẹ̀ kí ẹ tó da ẹ̀pà sí i. Kílò méjì tó lẹ́ẹ̀kan; bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọrógùn kò ní lè kárí. Iná níwọ̀nba. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, ẹ má sì dúró.

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, kò ní sí nǹkan tó dà bí ìyípadà. Ooru omi á máa jáde, ẹ̀pà á máa rùn bí ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó. Omi ló ń jáde. Ẹ má ṣe fi iná kún un nítorí pé ara yín ò gbà á.

Lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ tí ẹ̀pà bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kó tó di pé ó ń ta léraléra. Òórùn ẹ̀wà á lọ, òórùn ẹ̀pà á wọlé. Láti ìgbà yìí lọ, ojú yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lára agbada. Ẹ mú hóró kan, ẹ fi àtàńpàkò ra á: bí awọ rẹ̀ bá bó wẹ́rẹ́, ẹ là á sí méjì, kí ẹ wo inú rẹ̀. Gaàrí ni mo fi máa ń kọ́ àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Bí inú hóró bá funfun bíi gaàrí funfun, kò tíì jinná. Bí ó bá dà bíi gaàrí tí wọ́n fi epo díẹ̀ sí, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láti ẹ̀yìn dé àárín, ó ti tó fún òróró. Bí ó bá ti pupa bí ẹ̀wà olóyin, ó ti di ti kúlíkúlí. Bí ó bá wá dà bí àwọ̀ kọfí, ẹ ti pẹ́ jù.

Àárín rẹ̀ ni kí ẹ wò, ẹ má wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀pà tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n tí àárín rẹ̀ sì funfun, iná ló le jù. Ẹ́ńsáìmù ṣì wà láàyè nínú ibi funfun yẹn.

Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ku díẹ̀ kó dé ibi tí ẹ ń fẹ́. Hóró tó ti gbóná máa ń bá a lọ láti máa jinná fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a gbé e kúrò lórí iná. Lórí iná eédú tèmi, gbogbo rẹ̀ máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 fún kílò méjì, ṣùgbọ́n ojú àti imú ni kí ẹ gbà gbọ́ ju aago lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ófùùnù, 150 sí 160 ìwọ̀n Celsius ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ̀pà tẹ́ pẹrẹsẹ láìgun orí ara wọn. Ẹ rò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í la hóró wò láti ìṣẹ́jú 15.

Mo ti ba kílò mẹ́ta jẹ́ rí nítorí ìpè fóònù kan tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Òróró tó jáde pupa dòdò, ó sì dán. Àwọn oníbàárà méjì tilẹ̀ yìn ín, wọ́n ní èyí ló nípọn. Nígbà tí mo fi dín dòdò nílé, ó korò lẹ́yìn ahọ́n, èéfín rẹ̀ sì tètè yọ. Mo lọ gba ti àwọn oníbàárà náà padà. Àwọ̀ pupa tí àwọn èèyàn ń wá lójú àwo òróró ẹ̀pà kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ẹ̀rí dídára.

5. Títẹ́ sílẹ̀ àti yíyọ awọ

Bí ẹ bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú agbada. Ẹ dà á sórí atẹ gbòòrò, kí ẹ sì fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Bí a bá kó o jọ sínú ìkòkò kan kí ó tó tutù, ti àárín á jóná láìsí iná lábẹ́ rẹ̀.

Bó bá ti tutù, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra á, kí ẹ sì fẹ́ awọ rẹ̀ dànù nínú atẹ́gùn. Awọ pupa yẹn ní èròjà tó ń dáàbò bo òróró, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn kan kì í sì í yọ ọ́. Èmi máa ń yọ ọ́ nítorí pé ó ń mu òróró, ó sì ń fi ìkorò díẹ̀ sílẹ̀. Lára hóró tí awọ rẹ̀ ti bó ni ẹ ó tún ti rí èyí tó bàjẹ́ nínú tí ẹ kò rí nígbà ṣíṣà. Ẹ yọ ìwọ̀nyẹn náà.

6. Lílọ̀ àti fífún

Ọjọ́ tí ẹ yan án ni kí ẹ lọ̀ ọ́, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ fún un. Ẹ̀pà yíyan tó sùn mọ́jú ti ń gba afẹ́fẹ́ sára. Èyí tó ti di lílọ̀ tó sì sùn mọ́jú burú jù ú lọ.

Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ máa wọ́n omi gbígbóná sí i, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa pò ó bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Omi yẹn ló ń lé òróró jáde, nítorí ara ẹ̀pà fẹ́ omi ju òróró lọ. Bó bá pọ̀ jù, ohun tó nípọn bí ẹ̀kọ ni ẹ ó rí, òróró kò sì ní jáde mọ́. Bí òróró bá ti ń yọ yanranyanran lójú rẹ̀, ẹ fún un. Nínú kílò márùn-ún, ọwọ́ lásán máa ń fún mi ní nǹkan bíi lítà kan àbọ̀; ẹ̀rọ ìfúnróró ń mú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

7. Ẹ lé omi jáde, ẹ jẹ́ kó silẹ̀

Omi tí a fi pò ó wà nínú òróró. Bí ó bá dúró síbẹ̀, yóò máa ya òróró sí ásíìdì díẹ̀díẹ̀, adùn rẹ̀ á sì yí. Ẹ gbé òróró sórí iná jẹ́jẹ́. Yóò máa ta, yóò máa hó. Bí títa rẹ̀ bá ti dáwọ́ dúró, omi ti tán nìyẹn. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò yẹ kó ju 110 ìwọ̀n Celsius lọ, kò sì gbọ́dọ̀ rú èéfín.

Ẹ bò ó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ rọra dà èyí tó mọ́ lórí rẹ̀ sínú aṣọ òwú tó mọ́ tó sì gbẹ, kí ẹ fi sẹ́ ẹ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà wúlò fún ọbẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ohun kan tí mo ń bá àwọn oníkúlíkúlí jà sí nìyí. Wọ́n ń mú nínú òróró tuntun, wọ́n ń fi dín kúlíkúlí, wọ́n sì ń dà èyí tó kù padà sínú àpapọ̀. Òróró tó ti dín nǹkan ti rẹ̀. Bí ẹ bá dà á mọ́ tuntun, gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ṣe lórí agbada ti já sí asán. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ máa fi dín títí yóò fi tán.

8. Ìgò

Ìgò dúdú tàbí kẹ́ẹ̀gì tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá ni kí ẹ lò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ táútáú. Ẹ rọ òróró kún un dé ọrùn kí àyè afẹ́fẹ́ má pọ̀ lókè rẹ̀. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sítóófù, ẹ má sì gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù níbi tí oòrùn ti ń ràn án kí oníbàárà lè rí i pé ó dán. Bí ẹ bá fẹ́ rọ tuntun sínú ìgò àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́; ìwọ̀nba òróró tó ti bàjẹ́ nínú rẹ̀ tó láti kọ́ tuntun níwàkiwà.

Bí ẹ bá fẹ́ tà á nínú ìgò tó ní lébẹ̀lì ní Nàìjíríà, ẹ nílò nọ́ńbà NAFDAC. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ gbé díẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ìwọ̀n méjì ni kí ẹ béèrè. Àkọ́kọ́ ń sọ bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó. Fún òróró tí a kò fi kẹ́míkà fọ̀, ìlànà Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé, kò fẹ́ kó ju 4 lọ. Èkejì ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ti bà á jẹ́ tó, peroxide ni wọ́n ń pè é, kò sì yẹ kó ju 15 lọ. Bí ásíìdì bá pọ̀, ẹ yẹ ẹ̀pà yín àti omi inú rẹ̀ wò. Bí peroxide ló bá pọ̀, ẹ yẹ iná àti ìgò yín wò.

Bí kì í bá ṣe ẹ̀pà

Yànmọ̀tí ni ọba lọ́rọ̀ yìí. Ó ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sesamolin, tí kò lágbára púpọ̀ nígbà tó wà ní tútù. Bí iná bá kàn án, díẹ̀ nínú rẹ̀ á di sesamol, sesamol sì wà lára àwọn tó ń dáàbò bo òróró jù. Nítorí náà, òróró yànmọ̀tí tí a yan kì í tètè bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú òróró inú rẹ̀ yẹ kó tètè bàjẹ́. Àwọn ará Japan mọ èyí dáadáa. Wọ́n ń ra yànmọ̀tí lọ́wọ́ Nàìjíríà lọ yan fún òróró. Hóró rẹ̀ kéré, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni ó fi ń kọjá láti wúrà sí èédú, nítorí náà iná tiẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ti ẹ̀pà lọ.

Ẹ̀gúsí yàtọ̀ pátápátá. Òróró pọ̀ nínú rẹ̀ bíi ti ẹ̀pà, àmọ́ èyí tó ju ìdajì lọ nínú òróró náà ni linoleic, irú ọ̀rá kan tí afẹ́fẹ́ ń tètè bà jẹ́. Ẹ yan án fẹ́rẹ́, kó kàn gbẹ kó sì máa ta òórùn. Ẹ fún ìwọ̀nba tí ẹ ó lò tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ekùrọ́ tún ni tiẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àdín kì í bá afẹ́fẹ́ jà, nítorí náà àdín lè pẹ́ kó tó máa rùn bí ọ̀dà. Ìṣòro tiẹ̀ ni omi. Bí omi bá ya àdín sí ásíìdì, lauric, irú ásíìdì kan tó pọ̀ nínú rẹ̀, á mú kó máa dà bí ọṣẹ lẹ́nu. Yíyan tó ń lé omi tó sì ń pa lípéèsì ló ń gba àdín là, kì í ṣe èyí tó ń sọ ọ́ di dúdú. Àdín dúdú tí a ń fi pa ara, tí a din ekùrọ́ rẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná, dídúdú rẹ̀ kò fi kún ọjọ́ rẹ̀. Òórùn èéfín tí àwọn àgbà fẹ́ràn ni wọ́n ń rà. Ẹ má fi irú rẹ̀ se oúnjẹ. (Ẹ má sì gbé e súnmọ́ ojúbọ Èṣù, dúdú o, funfun o, èèwọ̀ rẹ̀ ni àdín.)

Ìgò mẹ́ta lójú fèrèsé

Bí ẹ kò bá gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, inú mi á dùn kí ẹ dán an wò. Láti inú àpò ẹ̀pà kan, ẹ yan kílò kan dé gaàrí elépo, kílò kan dé ẹ̀wà olóyin, kí ẹ sì kàn sá kílò kẹta sí oòrùn láìyan án. Ẹ fún wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì wọn iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú wá. Ẹ rọ díẹ̀díẹ̀ nínú wọn sínú ìgò kékeré tí ó mọ́ gaara, ìdajì péré, kí ẹ fi aṣọ bo ẹnu wọn, kí ẹ sì gbé wọn sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. A fẹ́ kí wọ́n tètè bàjẹ́ ni. Àwọn ilé àyẹ̀wò máa ń ṣe irú rẹ̀ nínú ófùùnù tó wà ní 60 ìwọ̀n Celsius, wọ́n sì máa ń ka ọjọ́ kan níbẹ̀ sí nǹkan bí oṣù kan lórí pẹpẹ.

Ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, ẹ kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ọwọ́ kejì ra á kó gbóná, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí imú yín bá gbọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé ìgò tó kàn. Ẹ fi ègé bébà lẹ orúkọ wọn mọ́ ìdí ìgò níbi tí ojú yín kò ti ní tètè rí i, nítorí òórùn ẹ̀pà tó pọ́n máa ń tan imú jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, èyí tí a yan jù ni èmi fúnra mi kọ́kọ́ yàn ní àyànfẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, gaàrí elépo nìkan ló kù tí mo lè fi din ẹyin.